Àwọn Tó Ń Bi Ilẹ̀ Léèrè Ọ̀rọ̀ ní Atakpamé

Ọ̀nà márosẹ̀ tó gbéra ní Lomé lọ sí àríwá Togo ń gba Tsévié àti Notsé kọjá kó tó kan Atakpamé, ìrìn nǹkan bíi kìlómítà 160. Àwọn oníṣòwò tó ń rin ọ̀nà náà kì í wo ọ̀tún wo òsì. Wọ́n á ra iṣu lẹ́bàá títì, wọ́n á ní kí dírẹ́bà máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn ló gbé mi kúrò n'Ìbàdàn, tó mú mi la ẹnubodè Sèmè àti ti Hilla-Condji kọjá. Mo fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilẹ̀ àwọn Ifẹ̀ Togo, àwọn ìbátan wa tí ìwé àwọn òyìnbó ń pè ní Ana. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé Ilé-Ifẹ̀ làwọn ti ṣí wá. Ẹnu àgbà ti sọ tirẹ̀. Ilẹ̀ náà ní ohun tó máa sọ, ṣùgbọ́n kì í dá ẹni tí kò kọ́ bí a ṣe ń bi í léèrè lóhùn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ náà ní Yunifásítì Lomé ló mú mi rìn. Ọmọ bíbí Atakpamé ni. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí, èmi náà sì ń pè é ní àbúrò. Ifẹ̀ ló ń fọ̀, Ìbàdàn ni tèmi. Ọ̀pọ̀ ìgbà la gbọ́ra wa yé, ibi tí kò bá sì ti yé wa, a fi Faransé dí i.

Notsé la kọ́kọ́ dúró sí. Ìlú àwọn Ewe ni, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, títí kan àwọn tó wà ní Ghana, kà sí orísun wọn. Láyé àtijọ́, odi amọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Agbogbo ló yí i ká. Ìtàn wọn sọ pé ọba kan, Agokoli, fìyà jẹ àwọn ará ìlú débi pé wọ́n dá odi náà lu lóru, wọ́n sì fẹ̀yìn rìn jáde, kí ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ wọn lè rò pé ńṣe ni wọ́n ń wọlé. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún Agbogbozan láti rántí rẹ̀. Ohun tó kù nínú odi náà lónìí jẹ́ òkìtì gbọọrọ tí koríko ti bò. Ẹni tí kò bá ní amọ̀nà á gorí rẹ̀ kọjá láìfura.

Orí òkìtì yìí ni àbúrò mi dúró sí tó fi sọ fún mi nípa Dola Angèle Aguigah, obìnrin àkọ́kọ́ tó di awalẹ̀pìtàn ní Togo. Iṣẹ́ Notsé ló fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris ní àwọn ọdún 1980. Merrick Posnansky, òyìnbó tó ti gbẹ́ ìlú àtijọ́ Begho ní Ghana, náà ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n wá bá ìtàn Agokoli jà. Wọ́n wọn odi náà, wọ́n ya àwòrán ibi tó gbà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ṣa àpáàdì. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ló máa ń sọ ẹni tó ṣe nǹkan àti ìdí tó fi ṣe é. Amọ̀ àti èédú ló máa ń sọ ìgbà tó ṣe é àti bó ṣe ṣe é. Awalẹ̀pìtàn tó mọṣẹ́ a máa fetí sí méjèèjì.

Aguigah tún ṣe ìwádìí lórí àwọn ilẹ̀ tí àwọn ará ìgbàanì fi àpáàdì tàbí òkúta tẹ́ ní apá ibí yìí, ó sì kọ ìwé lé e lórí. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí, ọkàn rẹ̀ á lọ tààrà sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àpáàdì tí wọ́n tò ní ìdúró-ìdúró wà lábẹ́ ilẹ̀ káàkiri ìlú, tí ìtàn sì sọ pé Lúwòó, Ọọ̀ni tó jẹ́ obìnrin, ló ní kí wọ́n tẹ́ ẹ. Mo bi àbúrò mi bóyá ará Ifẹ̀ ló gbé ọgbọ́n náà wá síhìn-ín. Ó mirí. Ó ní wọ́n ti kọ́ àwọn pé ìjọra nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. "Ẹ̀gbọ́n, kí n tó lè sọ bẹ́ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ mọ ọdún tí wọ́n tẹ́ tibí àti ọdún tí wọ́n tẹ́ ti Ifẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ mọ irú ìkòkò tí wọ́n fọ́ sí i, kí n sì mọ ohun tó wà láàárín ìlú méjèèjì lójú ọ̀nà." Ìkóra-ẹni-níjàánu yìí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú iṣẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti dá ìjà ààlà sílẹ̀ nítorí pé ẹnìkan rí ìkòkò tó jọ tiwọn lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Lẹ́yìn Notsé, a kọjá ní Wahala, níbi tí sàréè àwọn ọmọ ogun tó kú ní ìjà odò Chra, láàárín àwọn ará Jámánì àti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Faransé, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ ọdún 1914, wà. Ọ̀rọ̀ ogun yẹn ṣì ń bọ̀ níwájú.

Atakpamé wà láàárín òkè. Títì rẹ̀ ń gùn, ó ń sọ̀, ilé ń yọ lókè ilé. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Dahomey gbógun tì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, òkè wọ̀nyí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá sí. Nínú ọjà rẹ̀, èdè Ifẹ̀ ń dún pọ̀ mọ́ Ewe, Akposso, Kabiyè àti Faransé. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ nípa ìlú yìí: ní Ghana, àwọn kọ́lékọ́lé ń pe ilé tí a fi amọ̀ pípò mọ ní ìpele-ìpele, láìlo búlọ́ọ̀kù, ní "atakpame". Ọgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n ń fi orúkọ ìlú pè ti rìn jìnnà sí ìlú náà gan-an.

Ilé amọ̀ yìí ló ń dán ojú awalẹ̀pìtàn wò. Tí òrùlé bá ṣí, òjò á rọ̀ sí ògiri, ògiri á wó, amọ̀ á sì padà di ilẹ̀. Àbúrò mi mú mi lọ wo àlàpà kan lẹ́yìn agboolé wọn. Ó bu omi wọ́n ojú ilẹ̀, ó sì fi irin pẹlẹbẹ tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ògiri fá a jẹ́jẹ́, láti iwájú bọ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Níbi tí mo ti rí kìkì erùpẹ̀ pupa tẹ́lẹ̀, ilà kan yọ tó pín in sí méjì: ọ̀kan le, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, èkejì rọ̀, ó dúdú díẹ̀, eérú àti èèpo ẹ̀pà sì wà nínú rẹ̀. Ògiri ni ti àkọ́kọ́, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ń da ààtàn sí ni ìkejì. Ó ní ẹni tó bá fi ọkọ́ gbẹ́ ibẹ̀ á gé ògiri náà dànù, á sì sọ pé òun kò rí ilé kankan.

Bí ìyá àgbà ṣe ń kó aṣọ sínú àpótí ni ilẹ̀ ṣe ń kó ọjọ́ orí pamọ́: èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló wà nísàlẹ̀. Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ni láti yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sísàlẹ̀, láìda wọn pọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó lè kó ilẹ̀ padà bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la lè gbẹ́ ibì kan. Ohun tí wọn kò bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a tọ ọ̀nà oko kan gun òkè. Òjò ti fọ ojú ọ̀nà náà, àpáàdì sì yọ orí síta níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú ọ̀kan, àbúrò mi sì rọ̀ mí pé kí n ní sùúrù. Ó kọ́kọ́ ka ibi tí a wà lórí ẹ̀rọ GPS, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó gbé rúlà kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáàdì náà, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Àpáàdì ẹnu ìkòkò ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Ọnà wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n fi okùn lílọ́ ṣe, tí wọ́n yí lórí amọ̀ tútù. Ó fi ìtẹ̀kọrọ ẹnu rẹ̀ sórí ìwé kan tí wọ́n ya òbìrí lóríṣiríṣi sí, ó ń gbé e láti òbìrí kan sí òmíràn títí ó fi bá ọ̀kan mu, ó sì sọ bí ẹnu ìkòkò náà ṣe fẹ̀ tó nígbà tó wà ní odindi. Ó yí i padà, ó fi ibi tí èéfín ti dú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ hàn mí: ìkòkò ìdáná ni, kì í ṣe ti omi.

Lẹ́yìn náà, ó dá a padà síbi tí a ti rí i. Mo bi í ní ìdí. Ó ní kò sí ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn láti kó ohunkóhun níbẹ̀. Ó tún ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibi tí nǹkan wà ló ń sọ̀rọ̀. Tí a bá gbé e kúrò láìkọ ibẹ̀ sílẹ̀, odi la sọ ọ́ dà." Gbólóhùn yìí ni mo rí bí ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà. Orí idẹ tó rẹwà, tí ẹnìkan hú lóru tó sì tà, ti pàdánù ọjọ́ orí rẹ̀, ojúbọ tó wà, àti ẹni tí wọ́n sin tì í. Àpáàdì yẹpẹrẹ tí wọ́n mọ ìpele ilẹ̀ tó ti jáde lè kọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò mi ń wá ìdàrọ́ lójú ọ̀nà oko bẹ́ẹ̀, ìyàgbẹ́ irin tí iná ìléru ń tu sílẹ̀. Togo jẹ́ ilẹ̀ alágbẹ̀dẹ láti ìgbà pípẹ́. Ní Bassar, lápá àríwá, awalẹ̀pìtàn Philip de Barros àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ rí ẹ̀rí pé wọ́n ti ń yọ́ irin níbẹ̀ láti nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, àwọn ìléru amọ̀ gíga sì wà ní agbègbè Bandjéli títí di ìgbà tí a kò tíì gbàgbé. Níbi tí ìdàrọ́ bá pọ̀ sí, igi ti jó níbẹ̀, àwọn ọkùnrin ti fẹ́ ewìrì níbẹ̀, oúnjẹ wọn ti wá láti oko ẹnìkan. Àwọn awalẹ̀pìtàn a máa wọn òkìtì ìdàrọ́ kí wọ́n lè ṣírò ìwọ̀n irin tó jáde àti igbó tó lọ sí i. Ògún tí à ń kì ní ẹ̀rí lábẹ́ ilẹ̀.

Nípa gbígbẹ́ gan-an, ẹni tí kò rí i rí á rò pé agbára ló ń fẹ́. Okùn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kan èèkàn, wọ́n á ta okùn, ilẹ̀ á di igun mẹ́rin-mẹ́rin, mítà kan tàbí méjì lójú. Wọ́n á wá máa fá a ní tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo erùpẹ̀ tó bá jáde á gba inú ajọ̀ kọjá, kí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tàbí egungun ẹja má baà bọ́. Ọ̀rá tó kó àpáàdì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà igun àti ìpele. Èédú ni wọ́n ń ṣìkẹ́ jù: wọn kì í fi ọwọ́ lásán mú un, torí inú rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù 14 wà. Ohun tó bá ti kú kì í gba kábọ́ọ̀nù yìí mọ́, èyí tó wà lára rẹ̀ á sì máa dín kù, tó fi jẹ́ pé lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730, ìdajì ló máa kù. Willard Libby, ará Amẹ́ríkà, ló ṣàwárí ọ̀nà ìṣírò náà, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1960. Kí ọ̀nà yìí tó dé, ọ̀pọ̀ òyìnbó ló ń fi ẹnu lásán sọ pé ohun tí àwọn baba wa ṣe kò pẹ́, tàbí pé àjèjì ló ṣe é.

Kíkọ́ iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọdún kan. Lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ á gba oyè kejì kí wọ́n tó lè darí ìwalẹ̀ fúnra wọn, tó bá sì jẹ́ pé yunifásítì ni wọ́n fẹ́ ti ṣiṣẹ́, ó di dandan kí wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé. Wọ́n á kọ́ nípa òkúta, egungun, irúgbìn, yíya àwòrán ilẹ̀, ìtọ́jú irin tó ń jẹrà. Wọ́n á kọ́ bí a ṣe ń jókòó ti àgbà. Yunifásítì tó wà ní Legon ní Ghana ti ní ẹ̀ka ìmọ̀ yìí láti 1951. Thurstan Shaw, òyìnbó, ló dá ti Ìbàdàn sílẹ̀, òun náà ló gbẹ́ ihò Ìwó Elérú nítòsí Àkúrẹ́ ní 1965, níbi tí wọ́n ti rí egungun ènìyàn tó ti lé ní ọdún 10,000. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ wa fúnra wọn ti ṣe é: Babatunde Agbaje-Williams ní Ọ̀yọ́-Ilé, Akinwumi Ogundiran ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo, Abidemi Babalola ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀.

Ìwé àṣẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Òfin kẹrìnlélógún ọdún 1990 ló ń dáàbò bo ohun ìní àṣà ní Togo. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1979 tó dá àjọ mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí sílẹ̀ ni. Àmọ́ ìjọba nìkan kọ́ ló ń fún ni láṣẹ. Baálẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́, onílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, tí ibẹ̀ bá sì jẹ́ igbó orò, àwọn tó ni ín ló máa sọ ibi tí ẹsẹ̀ àlejò lè dé. Lẹ́yìn iṣẹ́, wọ́n á dí kòtò padà, wọ́n á kọ ìròyìn, wọ́n á sì wá sọ ohun tí wọ́n rí fún ìlú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ àjèjì kì í rántí ṣe, ó sì ń dùn mí.

Ojúṣe míràn wà tó le jù. Kí omi ìsédò Kainji tó bo ilẹ̀ ní 1968, àwọn awalẹ̀pìtàn ti sáré lọ gbẹ́ àwọn ibùgbé àtijọ́ ní agbègbè Yelwa. Atakpamé náà ní ìsédò nítòsí rẹ̀, Nangbéto lórí odò Mono, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1987. Níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ sé odò tàbí la títì, awalẹ̀pìtàn ló yẹ kó ṣáájú katapílà.

Ní àdúgbò Djama, a kí bàbá àgbà kan. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ó súre fún wa. Nígbà tó gbọ́ ibi tí mo ti wá, ó bi mí bóyá mo ti dé Ifẹ̀ rí, ojú rẹ̀ sì tàn nígbà tí mo ní mo ti débẹ̀. Ó sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ṣí wá. Èmi ń gbádùn ìtàn, àbúrò mi ń kọ̀wé. Ìbéèrè rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi: "Bàbá, omi wo ni àwọn tó kọ́kọ́ dé ń mu? Àwọn alágbẹ̀dẹ ńkọ́, apá ibo ni wọ́n wà? Igi wo ni ẹ kì í gé?" Gbogbo ìdáhùn bàbá ló di àmì lórí máàpù rẹ̀. Níbi tí omi wà, tí èèwọ̀ sì dáàbò bo igi, ibẹ̀ ni ilẹ̀ tí ọkọ́ kò tíì dà rú.

Mo ro ìtàn ìṣíkiri láti Ifẹ̀ náà lọ, mo rò ó bọ̀. Ní Igbó Olókun, Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000, pẹ̀lú ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì, tí wọ́n ti ń ṣe láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Gíláàsì Ifẹ̀ ní èròjà tirẹ̀ tí wọ́n lè dá mọ̀ ní láàbù, irú rẹ̀ sì ti dé Gao ní Mali. Ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, tó bá jáde láti ìpele ilẹ̀ tí a mọ ọjọ́ orí rẹ̀ lórí òkè Atakpamé, á sọ̀rọ̀ níbi tí a ti ń bá ara wa jiyàn.

Kamina, tí kò jìnnà sí ìlú, la lọ kẹ́yìn. Láàárín 1911 sí 1914, àwọn ará Jámánì kọ́ ibùdó wáyà aláìlókùn síbẹ̀, èyí tó ń bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀, ọ̀nà tó lé ní kìlómítà 5,000. Anton Codelli, ẹlẹ́rọ tó wá láti Ljubljana, ló darí iṣẹ́ náà fún iléeṣẹ́ Telefunken. Àwọn kan nínú òpó irin rẹ̀ ga ju mítà 100 lọ. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé sún mọ́ wọn lẹ́yìn ìjà Chra, àwọn ará Jámánì fúnra wọn ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 sí 25 oṣù kẹjọ 1914, wọ́n sì túúbá lọ́jọ́ 26. Ohun tó kù ni ìpìlẹ̀ kọnkéré, àwókù ilé ẹ̀rọ, irin tó ti dípẹtà láàárín koríko.

Àwọn kan lè sọ pé nǹkan ọdún 1914 ti tuntun jù fún awalẹ̀pìtàn. Mi ò gbà. Ìwé mọ orúkọ Codelli, ó mọ ti von Doering, olórí àwọn ará Jámánì tó túúbá. Àwọn tó ru irin gun òkè, tó po kọnkéré lábẹ́ òòrùn, ìwé kò ka orúkọ wọn. Ibi tí wọ́n sùn, àwo tí wọ́n fi jẹun, ìkòkò ìyàwó tó wá dáná fún wọn, inú ilẹ̀ Kamina ni wọ́n wà, awalẹ̀pìtàn nìkan ló sì lè fún wọn ní ẹ̀rí tiwọn.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Benin, ní Togo àti lókè òkun, ẹ̀ ń kó owó jọ fún gbọ̀ngàn ìlú àti ọdún ìlú. Ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ fi rán ọmọ yín kan lọ kọ́ iṣẹ́ yìí. Ẹ̀yin tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, tí ọkọ́ yín bá kan ilẹ̀ àpáàdì, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ère, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má hú u, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, kí ẹ pe yunifásítì tàbí mùsíọ́ọ̀mù tó súnmọ́ yín jù. Ẹ má sì tà á fún ẹnikẹ́ni.